Ìkànnì Tó Gbé Ọmọ Jòjòló Lé Àgbà Lórí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun bó ṣe yẹ kí ọmọ máa jẹun, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti ń jẹ́ kí o sinmi díẹ̀ báyìí? Ọlọ́run tó dá ọ sí láti kékeré kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tí o di ńlá tán. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn kò ní í wá ọ tì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di àṣedànù. Àmín. Àwa náà wà níbí, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó wà lórí àìsàn, àmọ́ má tíì dúpẹ́, ka lẹ́tà yìí tán ná.

Ìkànnì ẹbí tí o dá sílẹ̀ sórí fóònù, tí o ní kí gbogbo wa máa kó fọ́tò àti ìròyìn sí, ti fẹ́ tú ẹbí ká. Mo ti sọ ọ́. Bàbá rẹ àti Bàbá Dírẹ́bà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sín nínú ilé rẹ̀, èkejì á kí i ní pẹ̀lẹ́ láti òdìkejì títì. Ní báyìí, bí bàbá rẹ bá ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókèèrè, á sáré wọ inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, á máa fá pákó tí kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fá òun. Pákó kan wà níbẹ̀ tó ti fá títí tó fi di rúlà. Ìwọ lo fà á, nítorí náà ìwọ ni mò ń bínú sí. Mi ò lè máa bínú sí àgbàlagbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí n tún ráyè rán aṣọ.

Nígbà tí o wá sílé lọ́jọ́sí, tí o sọ pé ẹbí ti fọ́n ká, pé àwọn tó wà lókè òkun kò mọ àwọn tó wà nílé, pé ọmọ lè pàdé ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ lójú pópó kó má kí i, mo ní òótọ́ ni. O ní kò séwu, o máa ṣí ibì kan sórí ayélujára tí ẹnikẹ́ni nínú wa á ti máa rí ẹnikẹ́ni, lójoojúmọ́, láìwọ ọkọ̀. Mo gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bí àdúrà bá ṣeé gbà padà ni, ǹ bá ti gba ìdajì rẹ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ti ọ̀rọ̀ àṣírí tí o ní kí n máa tẹ̀ kó tó ṣí. O kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ bi mí, mi ò sọ. Ó tún bi mí nígbà tó jẹun tán, tí inú rẹ̀ dùn, mi ò sọ. Ó ní àṣírí wo ló wà láàárín ìyá àti ọmọ tí bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo ní ìwọ lo ni òfin, kó pè ọ́. Ó ní òun kò ní í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú òun kí òun tó wọ inú ẹbí òun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á kọjú sí ògiri, á máa wú ikọ́ tí kì í ṣe ti òtútù.

Ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan kò sì tó o. Lọ́jọ́ kan ìkànnì náà ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí. Èmi tí mo bí ọ. Ó to fọ́tò kéékèèké síwájú mi, ó ní kí n tọ́ka sí àwọn tó ní bọ́ọ̀sì nínú, kó tó gbà pé ènìyàn ni mí. Mo tọ́ka sí wọn, ó ní ó kù. Mo pa fóònù náà, mo ní kí òun náà kọ́kọ́ fi hàn mí pé ènìyàn lòun. Jọ̀wọ́, bá a sọ̀rọ̀. A kì í bi ìyá léèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀.

Bí mo bá sì wọlé tán, mò ń ṣe ohun tó yẹ. Èmi kì í ṣí i pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára àti òwú lórí, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ, mo máa ń so ìborùn, nítorí mi ò mọ ẹni tó lè wà níbẹ̀. Tí mo bá kan fọ́tò àgbà, mo kúnlẹ̀. Tí mo bá kan ti ọmọdé, mo gbàdúrà fún un. Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí àǹtí bàbá rẹ tó wà lókè òkun, oníbàárà kan tó wọlé rò pé mo ṣubú, ó da omi lé mi lórí, aṣọ tí mo ń rán fún un lọ́wọ́ sì rin gbindin. Kò sí ẹni tó ní kú ewu láti inú fóònù náà.

Ohun tí wọ́n ń fi dáhùn ni àwòrán àtàǹpàkò. Mo kọ̀wé gígùn sí abẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ rẹ, mo ṣàdúrà fún wọn láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àtàǹpàkò ni mo rí gbà padà. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń ní kó tẹ àtàǹpàkò. Ẹ̀yin tí a ta nǹkan kí ẹ lè lọ sí yunifásítì, ẹ ti wá padà sídìí àtàǹpàkò. Bàbá rẹ ní bóyá ìwé tí a rà fún yín náà ti tán lára yín, bí ọṣẹ ṣe ń tán lára ẹni.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ nìyí. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí o gbé síbẹ̀ ni ti Bàbá Dírẹ́bà àti ìyàwó wọn, Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. O ní àgbà ló yẹ kó ṣáájú. A yìn ọ́, a ní iléèwé kò ba ọmọ yìí jẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Dírẹ́bà ń sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí n ṣí i, wọ́n á wò ó, wọ́n á dá fóònù padà, wọ́n á lọ. Wọn kì í wo nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ obìnrin bímọ. Ó gbé fọ́tò ọmọ náà síbẹ̀, ọmọ sì bọ́ sí orí Bàbá Dírẹ́bà gan-an. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ gbé fọ́tò tirẹ̀ níbi tó ti fara ti mọ́tò (mọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀, mo mọ onímọ́tò), òun náà gun orí ọmọ. Ẹnì kan gbé ìwé ẹ̀rí, ẹnì kan gbé bàtà tuntun. Títí ó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Bàbá Dírẹ́bà ní kí n ṣí i, tí mo ṣí i, tí mo fi ìka gbá a lọ gbá a bọ̀, tí a kò rí wọn mọ́. Ọmọ àbúrò rẹ ló tún wà lókè nínú fọ́tò mìíràn, tó ń yán, tí kò ní eyín kankan. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìkànnì tìrẹ, orí àgbà ló wọ́, ọmọ tuntun wà lókè, ó ń yán.

Bàbá Dírẹ́bà dìde. Wọ́n dá fóònù padà, wọ́n jáde. Mo rò ó fún bàbá rẹ, ó sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ló bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú títì bóyá oyè ni wọ́n fẹ́ jẹ lórí fóònù tí wọ́n fi ń bá ọmọ jòjòló du ipò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì pé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé tó ń pariwo lé e lórí kò lè mọ nǹkan kan. Bàbá rẹ ní wọ́n ti bú ìyàwó òun. Èmi náà bínú, mo jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, mo bi wọ́n pé ariwo wo. Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn sí ara wọn nìyẹn.

Mo ní kò burú, èmi aláriwo ni màá tún un ṣe. Mo lọ bá ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, mo ní kó bá mi gbé àgbà padà sí ipò àgbà. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó dé kẹ́yìn ni ìkànnì máa ń gbé sókè. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ mú aṣọ wá ni mo máa ń kọ́kọ́ rán tirẹ̀, ẹni ìkẹyìn ì báà jẹ́ ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kí n gbé fọ́tò Bàbá Dírẹ́bà mìíràn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé nǹkan lé e. Fọ́tò wo, ti ẹni tí kò fẹ́ rí wa sójú? Mo sá pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé títí wọ́n fi kọjá, mo yà wọ́n, ẹ̀yìn wọn ni mo rí yà. Mo gbé ẹ̀yìn náà síbẹ̀. Àtàǹpàkò rọ̀ lé e bí òjò.

Ó wá ku kí gbogbo ẹbí dáwọ́ dúró. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí màá fi ní kí wọ́n gbé e. Àbúrò rẹ ní ọmọ ti hu eyín, mo ní kó pa ẹnu ọmọ dé. Ẹni tó fara ti mọ́tò ní òun fẹ́ gbé ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun síbẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ dá mọ́tò padà fún onímọ́tò. Àǹtí bàbá rẹ ní kí ló kàn mí, ṣé èmi ni mo ni ìkànnì ni. Mo ní ọmọ mi ló ni ín, èmi ni mo sì ni ọmọ. Báyìí, àwọn náà kì í gbé ìpè mi mọ́, gbogbo wọn ń bínú, nítorí ìkànnì ìfẹ́ tí o ṣí.

Mo wá wọ aṣọ tó dára, mo gbé fóònù, mo sọdá títì lọ sílé Bàbá Dírẹ́bà pẹ̀lú ayọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n wò ó, wọ́n ti padà sókè, kò sì sí ọmọdé tó máa gun orí wọn mọ́. Wọ́n gba fóònù, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n wo ẹ̀yìn ara wọn títí. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn nìkan ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn nìkan, kò sí ẹni tó bá wọn dù ú. Wọ́n bi mí pé ìyàwó àwọn ńkọ́.

Ọmọ mi, gbọ́. Mo gbójú sókè, mo rí ògiri pálọ̀ wọn. Ìṣó wà níbẹ̀. Abẹ́ ìṣó náà mọ́ ju ìyókù ògiri lọ, ó ní igun mẹ́rin. Ìwọ lo yọ ohun tó wà níbẹ̀. O gun àga, o yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù tí ìkán ti jẹ, o ní ibi tí ò ń gbé e lọ, ìkán kò lè dé ibẹ̀, òjò kò lè dé ibẹ̀, kò ní í ṣá láéláé. O gbé e lọ sí ìlú ńlá. Òun nìkan ni fọ́tò tí Ìyá Oníbúrẹ́dì yà láyé wọn. Ìkán kò jẹ ẹ́ lóòótọ́, òjò kò pa á, àmọ́ bàtà àti mọ́tò onímọ́tò bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà kò bá ẹnikẹ́ni du ipò. Wọ́n rò pé a ti pa ìyàwó wọn rẹ́ ni. Inú mi kọ́kọ́ bà jẹ́, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi sí ọ.

Mo sáré lọ pe onírùngbọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí àwọn ti àtijọ́ tó jáde. Ta ni o sọ ìyẹn fún? Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka fà á, ó ń fà á, gbogbo ẹbí ń kọjá lójú wa, títí ó fi kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n wà níbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ìyẹ̀fun ṣì wà lápá wọn, tí wọ́n ń wo onífọ́tò bí ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ fẹ́ jóná nínú ààrò. Àwọn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́ sẹ́yìn nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ, o mọ̀ ọ́n, mi ò gbọdọ̀ máa rán ọ létí. Kò sí àtàǹpàkò kankan lábẹ́ wọn, tìrẹ pàápàá kò sí níbẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

Wọ́n ṣì dì í mú bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Wọn kò dá a padà. Wọ́n ní bí àwọn bá fi í sílẹ̀, á tún lọ sísàlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọ́n á fi ìka kàn án. Tí wọ́n bá fẹ́ gba iná sí i, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, fọ́tò náà á kúrò lójú, nítorí náà wọ́n ń bá gbogbo ẹni tó bá pè jà. Oníbàárà mi kan pè láti béèrè aṣọ rẹ̀, wọ́n ní kó má pè mọ́, ìyàwó àwọn wà níbẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti pè tí wọ́n sì pa á mọ́ ọ létí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, òun náà ló fà á tí mo fi lẹ́tà lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó kan férémù tuntun. Ó fi sáńpépà ra á títí ó fi ń dán, ó fi oògùn ìkán pa á lára lẹ́ẹ̀mejì, ó fi gíláàsì sí i. Mo ní kó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ìjà parí. Ó ní òun kò lè gbé férémù òfìfo sọdá títì lọ bá ẹ̀gbọ́n òun, òun ti bú wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ó fi í kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan wá fẹ́ rà á, bàbá rẹ lé onítọ̀hún jáde bí ẹni lé ewúrẹ́.

Nítorí náà, gbé fọ́tò náà wá. Mi ò ní kí o fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, mi ò sì ní kí o wá ọ̀nà tí á fi máa wà lókè, onírùngbọ̀n ní o lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo láti ọjọ́ àkọ́kọ́, a máa sọ ìyẹn nígbà tí o bá dé. Páálí rẹ̀ gan-an, èyí tí o yọ lára ògiri, ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé wá. Mo bẹ Ọlọ́run pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ. Tí o bá ti sọ ọ́ nù, má kọ ọ́ sínú ìwé, má fi rán ẹnikẹ́ni, wá dúró níwájú Bàbá Dírẹ́bà kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan lánàá. Wọn kò bínú rárá, bí ẹni tó ń béèrè iye búrẹ́dì ni wọ́n ṣe béèrè rẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn náà bá lọ, ọmọ mélòó la máa bí kí àwọn tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èmi tí ẹnu mi kì í wọ́n, tí mo máa ń rí èsì fún gbogbo oníbàárà, mi ò rí èsì yẹn. Ìwọ wá wá a.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání. Owó òwú mi ni mo fi ra gíláàsì férémù, dá a padà fún mi. Fún onírùngbọ̀n náà ní nǹkan, ó ti wá sílé wa ju ẹbí lọ. Kí o sì bá mi ra fóònù mìíràn, kékeré, tó ní bọ́tìnnì, èyí tí kò mọ ẹbí kankan, nítorí èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, mi ò sì ní ẹnu tí màá fi gbà á. Tí owó kò bá tó, fi ti fóònù sílẹ̀. Àmọ́ wá.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní í bàjẹ́ lọ́nà. Ohun tí o gbé lọ, wàá gbé e dé láìya, láìfọ́. Ọwọ́ tí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ rẹ bá nà sí ọ, kò ní í bọ́ sófìfo. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ á sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ, àmọ́ nínú gbogbo wọn, kò ní í sí ọjọ́ tí wọn yóò máa wá ọ nísàlẹ̀ tí wọn kò ní í rí ọ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.